Méje Lọ́nà Mẹ́jọ

Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọjú wo ẹnu ọ̀nà ná, bóyá Ìyá Àkàndé ń bọ̀. Kò sí níbẹ̀? Ó dáa. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní agboolé wa yìí, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, á sọ fún yín pé ẹyin ni mò ń tà, n kì í ta ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó pàtẹ ẹyin sí ẹnu àbáwọlé, ta ni yóò wọlé tàbí jáde tí kò ní rí? Ojú tí Ọlọ́run fún mi ni mo fi ń wò, n kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Etí ńkọ́? Ọlọ́run tó dá a kò fi ìdérí sí i.

Ògiri tó wà láàárín yàrá mi àti ti Ìyá Àkàndé fẹ́lẹ́ bí ìwé. Bí ẹnì kan bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mò ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, nígbà tí igbe bẹ̀rẹ̀ ní alaalẹ́, èmi kọ́ ni mo lọ bá a, òun ló wá bá mi lórí ibùsùn. "Tuu wọ́ọ̀nù, tuu! Tuu tuu, fọ́ọ̀! Tuu tíríì…" Kẹ́kẹ́ á pa. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ pàá! Ìgbájú nìyẹn. Ẹkún á tẹ̀ lé e, wọ́n á tún padà sí tuu wọ́ọ̀nù. Ó tó oṣù mẹ́ta tí gbogbo wa fi tuu wọ́ọ̀nù sùn. Àní ọmọ Ìyá Kúdí tí kò tíì lè pe omi kó já geere ti ń sọ tuu tuu fọ́ọ̀ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí Àkàndé tí wọ́n torí rẹ̀ ń kọ ọ́ nìkan ni kò jókòó sí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Àkàndé. Ẹ má rò pé ọmọ tí kò já mọ́ nǹkan ni. Òun ló ń ka ìwé ìròyìn Aláròyé fún bàbá àgbà rẹ̀, Bàbá Onígbá, tí iṣẹ́ igbá fínfín ti mú ojú rẹ̀ di bàìbàì. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ rán an sí ẹnì kan ní Owódé, bí ẹ ṣe sọ ọ́ ni yóò ṣe sọ ọ́, tó fi dé orí ikọ́ tí ẹ wú. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ni mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin. Ọwọ́ á sáré wọ abẹ́ tábìlì, àwọn ìka á máa jó níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ oníbàtá. Nígbà tó bá yá, á ní méjìlá. Ẹ tún bi í lójú ẹsẹ̀ pé kí ni mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin. Ọwọ́ á tún padà sí abẹ́ tábìlì, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ení, bí ẹni tí kò débẹ̀ rí.

Ta ló wá pè é ní olódo? Ẹ má wo ojú mi bẹ́ẹ̀. Tíṣà rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é. Èmi kàn tún un sọ nídìí ẹ̀rọ omi ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún ẹni méjì. Ṣé ẹ̀bi mi ni pé ẹni méjèèjì lẹ́nu bí agogo? Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọdé ti fi ṣe orin.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Kọ́lẹ́ẹ̀jì gba yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀. Ẹ mọ Federal College of Education (Special), tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ níbí ní 1977? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà tí yóò máa kọ́ ọmọ tí etí rẹ̀ di, ọmọ tí kò ríran, àti ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún. Ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹrù tó kó wá ò ju báàgì méjì, ìkòkò kan, àti lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí ìdérí rẹ̀ ti sán. Ọkùnrin kan máa ń fi ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù wá wò ó ní Sátidé. Ó ní bùrọ̀dá òun ni. Bùrọ̀dá tó máa ń fọ ọkọ̀ kó tó wá kí àbúrò, tó ń fín lọ́fínńdà… Ẹ jẹ́ n dákẹ́. Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?

Ẹ̀n-ẹ́n. Àǹtí Kọ́lẹ́ẹ̀jì fara da tuu wọ́ọ̀nù fún òru mẹ́ta. Lóru kẹrin ó kan ilẹ̀kùn. Ó ṣẹlẹ̀ pé mò ń ká aṣọ lẹ́bàá fèrèsé wọn lásìkò náà. Lóòótọ́, òru ni. Aṣọ ò mọ òru. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dyscalculia ni." Ìyá Àkàndé di àyà mú. Èmi náà di àyà mú níta. Dísíkà! Irú àrùn wo lèyí? Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àkàndé ti wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́wé-ọmọ ní Akẹ̀sán pé kó bá òun wá àgbo dísíkà. Ìyẹn bi í pé, "Ti inú ni àbí ti orí?" Ó ní ti ìṣirò. Obìnrin yẹn ò ṣiyèméjì, ó di egbò kan fún un, ó sì gba owó rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ọmọ fi mu nǹkan kíkorò. Tuu tíríì ò kúrò níbi tó wà.

Nígbà tí Àǹtí gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó jókòó ti Ìyá Àkàndé, ó ṣàlàyé. Ó ní kì í ṣe àrùn tí ẹnikẹ́ni ń mu àgbo sí. Ó ní onímọ̀ kan ní Czechoslovakia ìgbà náà, Ladislav Košč, ti kọ̀wé lé e lórí láti 1974, pé ọpọlọ ọmọ lè pé ṣáṣá nínú ohun gbogbo kó sì jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ni kò ní ríbi fìdí kalẹ̀ sí níbẹ̀. Ó ní òun kọ́ ni òun máa fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún Àkàndé, ó ní àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá òun lójú pé ìgbájú kì í ṣe ọ̀kan nínú ìtọ́jú rẹ̀. Ìyá Àkàndé wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi í sábẹ́ ìró.

Lọ́jọ́ kejì ni lápútọ́ọ̀pù jáde. Ẹyẹ kan yọ lójú rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn dúdú, ikùn funfun, bí lọ́yà tó ń lọ sí kóòtù. Àǹtí ní pẹngúínì ni, Tux lorúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn ẹyẹ yìí o, torí n kò lè gbé e mì. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, ohun tí ń gbé kọ̀ǹpútà Àǹtí ṣiṣẹ́ nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé pẹngúínì kan gé òun jẹ nínú ọgbà ẹranko ní Canberra, ní Australia. Dípò kó bínú, ìfẹ́ ẹyẹ ló kó sí i lára! Ìgbà tí wọ́n wá àmì tí wọn ó fi mọ Linux, ẹyẹ yìí náà ni, Larry Ewing ló yà á ní 1996. Bí adìyẹ Ìyá Kúdí bá gé mi jẹ, ọbẹ̀ ni yóò dà, kò ní di àwòrán.

Eré tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ TuxMath. Bill Kendrick ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó ní in lè fún ẹlòmíràn láìgba kọ́bọ̀, kò sì bèèrè dátà bó bá ti wọnú kọ̀ǹpútà tán. Ojú ọ̀run dúdú ni wọ́n fi hàn. Nísàlẹ̀, àwọn ilé yìnyín kéékèèké tò, pẹngúínì ń gbénú wọn. Láti òkè, ìràwọ̀ onírù á máa já bọ̀, ìṣirò kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣe é á tẹ ìdáhùn, á tẹ Enter. Bó bá gbà á, iná á ta láti ìsàlẹ̀, á fọ́ ìràwọ̀ náà yángáyángá. Bó bá pẹ́ jù, ìràwọ̀ á já lu ilé, ilé á yọ́.

Alẹ́ àkọ́kọ́, àwa tí a wà lójú fèrèsé ò pọ̀, ẹni mẹ́sàn-án péré àti ewúrẹ́ kan. Ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. "Méjìdínlógún!" "Irọ́ ni, ogún ni!" Bọ̀dá Káfíńtà ní ìṣirò niṣẹ́ òun, ó pariwo ìdáhùn mẹ́ta, ọ̀kankan ò bọ́ sí i. (Mo wá mọ ìdí tí tábìlì mi fi ń mì.) Èmi nìkan ni n kò la ẹnu. Gbogbo wọn rò pé ìwà àgbà ni. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Ìka Àkàndé ń gbọ̀n. Ó tẹ nọ́ńbà kan, ó pa á rẹ́, ó tẹ òmíràn, ìràwọ̀ méjì já lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé kan yọ́, èkejì yọ́. Nígbà tó ku ọ̀kan, ọmọ náà dìde, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni a ń wò. Ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀ pé, "Mo ti pa gbogbo wọn."

Àǹtí dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì kó lè rí ojú rẹ̀. "Wọn ò kú, Àkàndé. Wọ́n rìn lọ ni. Wá wò ó." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó yíjú sí wa, ó pa fèrèsé dé. Ọmọ tí kò ju ogún ọdún ó lé díẹ̀! Ó pa fèrèsé dé mọ́ mi lójú!

Ohun tó ṣe lẹ́yìn fèrèsé yẹn, ẹnu ìyá ọmọ ni mo ti gbọ́ ọ, torí n kì í yọ́ etí… ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó wọ ibi ìtòlẹ́sẹẹsẹ eré náà, ó dín eré ìràwọ̀ kù títí ó fi ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ àdàbà. Ó pa ìró rẹ̀. Ó yọ gbogbo ìlọ́po kúrò, ó ku ti méjì nìkan. Ó ní ìkánjú ló ń fọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí: ohun tó mọ̀ gan-an á sá lọ bí ẹnì kan bá dúró lé e lórí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálaalẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú ọmọ á rẹ̀, bátìrì náà ò sì lè gbé jù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá mú iná lọ, wọ́n sì ń mú un lọ.

Ẹ̀rọ yẹn ní ìwà kan tó wù mí. Ìṣirò tí ọmọ bá kùnà, kò ní pòṣé, kò ní mẹ́nu lé ìyá rẹ̀. Á kàn fi í pamọ́, á tún mú un padà wá, bí olówó-èlé tó mọ ọ̀nà ilé ẹni. Kò bínú, kò pariwo, ṣùgbọ́n yóò padà wá. Ìyá Àkàndé ṣì ń kùn pé, "Ìka ló ń lò!" Àǹtí ní, "Ẹ jẹ́ kó lò ó, Màmá. Ọjọ́ tí kò bá nílò rẹ̀ mọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀."

Láti orí ti méjì wọ́n bọ́ sí ti mẹ́wàá, láti ibẹ̀ sí ti márùn-ún. Ó dé orí ti mẹ́ta, ó dúró. Àǹtí rí i pé ọmọ náà ń rántí ojú nọ́ńbà ni, kò mọ ohun tó ń ṣe. Ló bá wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ (ó mọ ohun tó ṣe fún mi lójú fèrèsé), ó ní kí n yá òun ní kíréètì ẹyin tó ṣófo. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní kí n wá wò.

Ó fi páálí bo apá kan kíréètì náà, ó ku ojú ihò mẹ́ta ní ìbú, mẹ́rin ní gígùn. Àkàndé to òkúta sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìlà mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin. Ó kà á, méjìlá. Àǹtí ní kó yí kíréètì náà padà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di iwájú. Ọmọ yí i. Ìlà mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ máa kà, ó dúró. Ó wo òkúta, ó wo Àǹtí. "A ò fi kún un." "A ò fi kún un." "A ò yọ níbẹ̀." Ó tún yí i padà, ó tún un yí, bí ẹni ń wá ibi tí olè gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nígbà náà, ìdajì tébù yìí, wọ́n kàn kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni!" Ó bínú gan-an. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi ìdajì tí kò yẹ nà án.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ta ẹyin. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó wo kíréètì rí i pé mẹ́fà ní gígùn, márùn-ún ní ìbú, ló bí ọgbọ̀n.

Ti Bàbá Onígbá ló wá le jù. Mo lọ wẹ̀, mo ní kí Àkàndé bá mi jókòó ti ọjà. Oníbàárà kan mú ẹyin méje, igba náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ò ronú, kò wo ìka: "Egbèje náírà ni, mà." Àǹtí tó ń rẹ gàrí lọ́dọ̀ wa dúró gbagidi. "Àkàndé, kí ni igba lọ́nà méje?" Àfi bí ẹni pa iná. Ọwọ́ wọ abẹ́ tábìlì.

Bàbá ń ta ayò lábẹ́ igi, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Kí ni ẹ ń pè ní egbèje? Igba méje kọ́ ni?" Ló bá ń kà á: igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀ta, igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rin, igba márùn-ún, ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀fà, egbèje, ẹgbẹ̀jọ. Àfi irinwó nìkan tó dá dúró bí ọmọ tí kò jọ bàbá. Ó padà sí ogún: ogún méjì, ogójì; ogún mẹ́ta, ọgọ́ta; ọgọ́rin; ọgọ́rùn-ún. Ó wá na ọwọ́ sí ọpọ́n rẹ̀: ojúlé mẹ́fà níhà tèmi, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mélòó? "Mẹ́rìnlélógún," Àkàndé dáhùn. Níhà méjèèjì ńkọ́? "Méjìdínláàádọ́ta." Kò ka ìka kankan. Ó ti ń bá bàbá àgbà rẹ̀ ta ayò láti ọmọ ọdún márùn-ún.

Gàrí Àǹtí ti wú kọjá abọ́. Ó ní irú rẹ̀ ni àwọn olùwádìí kan kọ jáde ní 1985 láti Recife, ní Brazil: àwọn ọmọ tó ń tajà ní ìgboro kì í sábà ṣi ìṣirò owó ọjà wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ìṣirò kan náà sórí ìwé fún wọn, wọ́n á máa ṣì í. Èmi ò mọ Recife. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti ń ka táìmùsì tébù lójoojúmọ́ ayé mi, ẹnikẹ́ni ò sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn ọmọ ayé òde òní tó ń pe egbèje ní wan-tausin fọ́-họ́ndrẹ̀ẹ̀dì ni wọ́n wá ń pe ara wọn ní alákọ̀wé.

Láti ọjọ́ náà, Àkàndé á kọ́kọ́ to ìlọ́po sínú kíréètì tàbí ọpọ́n ayò kó tó lọ bá ẹyẹ rẹ̀. Àǹtí tún fi ètò mìíràn sí i, GCompris, iṣẹ́ ará Faransé kan tó ń jẹ́ Bruno Coudoin, tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000. Ó ní ìró orúkọ rẹ̀ lédè wọn ni "ó ti yé mi". Àkàndé fẹ́ràn ìyẹn ju eré inú rẹ̀ lọ. Ṣe ni yóò máa bá adìyẹ sọ "jẹ́ kọ́ńpírì, jẹ́ kọ́ńpírì" kiri agboolé.

Ẹ má rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú o. Ibà mú un lọ́sẹ̀ kan, ó dìde, ti mẹ́fà ti lọ pátápátá, bí ẹni tí kò bá a pàdé rí. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi parí táàmù, ó gba mẹ́sàn-án nínú ogún. Ìyá Kúdí ní ṣé torí mẹ́sàn-án ni gbogbo ariwo yìí. Méjì ló gbà ní táàmù tó kọjá. Ẹ bá mi bi í bí ó bá mọ ohun tó wà láàárín méjì àti mẹ́sàn-án.

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbí. Ṣùgbọ́n wọ́n á sọ apá tó kù fún yín, wọ́n á sì bà á jẹ́, ó sàn kí n sọ ọ́ fúnra mi.

Àǹtí bá bùrọ̀dá ọlọ́kọ̀ búlúù lọ òde kan ní Sátidé, ó ní kí n bá òun tọ́jú lápútọ́ọ̀pù. Lóru, mo kàn ṣí i kí n wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè ni. Ẹyẹ náà wò mí. Mo wò ó. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ilé yìnyín yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ rántí pé n kò la ẹnu lójú fèrèsé? Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo bọ́ sí èyí tó rọrùn jù, mo gba àwọn ẹyẹ náà là, orin sọ. Ẹ̀rọ náà bèèrè orúkọ mi. Ẹni tó bá bèèrè orúkọ ẹni tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣé ẹ ò ní dá a lóhùn ni? Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ta ló mọ̀ pé ó ní ojúewé tó ń to orúkọ àwọn akọni sí? Alẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, Àkàndé ṣí i lójú gbogbo agboolé, ó kà á sókè pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka Aláròyé: "Ipò kẹta, Ìyá Ẹlẹ́yin!" Bọ̀dá Káfíńtà ṣubú lórí àga tó kàn fúnra rẹ̀, àga náà ṣubú. Ní àárọ̀, ìdí ẹ̀rọ omi ti gbọ́. Ìyá Kúdí ló sọ ọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun sọ ọ́, fún ẹni méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Àkàndé wá jókòó ti mí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́yin, èwo ló ń já lù yín jù?"

Mo ní kí ló kàn án. Kò kúrò. Mo rẹ ohùn sílẹ̀: "Méje lọ́nà mẹ́jọ."

"Èmi náà," ó ní. Ó fi ìka kọ ọ́ sínú eruku orí tábìlì mi: 5 6 7 8. "Ẹ ṣáà máa kà á lọ: àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ. 56 ni 7 lọ́nà 8." Ó fi ọwọ́ nù ún kúrò kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Mo ní, "Má sọ fún wọn pé mo bi ọ́."

Ó ronú díẹ̀. "Ẹyin méjì," ó ní.

Irinwó náírà mi lọ bẹ́ẹ̀. Àti pé ti bùrọ̀dá yẹn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín… Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, Ìyá Àkàndé ló ń bọ̀ yẹn. Ẹyin mélòó lẹ ní ẹ fẹ́ rà?